Fern Hill kì í ṣe oko bàbá Dylan Thomas

Ẹ̀yin tí ẹ kọ ọ́ pé akéwì Dylan Thomas jẹ́ ọmọ àgbẹ̀ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, pé oko bàbá rẹ̀ ló fi ewì "Fern Hill" kì, àti pé ayọ̀ ọmọdé nìkan ló wà nínú ewì náà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ ká tún un wò.

Ọmọ Wales ni. Ìlú Swansea ni wọ́n bí i sí lọ́dún 1914, olùkọ́ sì ni bàbá rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ̀, Ann Jones, àti ọkọ rẹ̀ ló ń gbé oko yẹn, ní Carmarthenshire. Họlidé ló ń gbé ọmọ ìgboro yìí débẹ̀.

Ti ayọ̀ nìkan yẹn ló yà mí lẹ́nu jù, àfi bí ẹni pé ẹ ò ka ewì náà parí. Lóòótọ́, ọmọ náà ń jayé lábẹ́ igi ápù, kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ ń gbó lórí òkè. Ṣùgbọ́n ẹ wo Àkókò! Láti ìlà 4 ló ti wọlé bí ọ̀gá tó ń yọ̀ǹda eré fún ọmọ. Àwọ̀ ewé tí Thomas fi ṣàpèjúwe ìdùnnú ní ìlà 2, òun náà ló so mọ́ ikú ní ìlà 53. Ní ìlà 54, tó kẹ́yìn, inú ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ ni ọmọ náà ti ń kọrin bí òkun.

Ọdún 1945 ni ewì náà jáde. Thomas ti di bàbá ọlọ́mọ nígbà yẹn.