Ẹ fi kọ́tábáàkì tuntun lọ́rùn sílẹ̀, ẹ kọjú sí ẹni tó ni ẹgbẹ́

Ó tún ti dé. Sáà NFL, líìgì bọ́ọ̀lù Amẹ́ríkà (American football), á bẹ̀rẹ̀ nínú oṣù Kẹsàn-án, kò ní tíì dé ọ̀sẹ̀ karùn-ún tí ariwo á ti sọ: kọ́tábáàkì tuntun yìí, ẹni tó ń ju bọ́ọ̀lù fún ẹgbẹ́, ò mọ̀ ọ́n gbá, wọ́n ti fi owó ṣòfò, ẹ gbé e jókòó. Ọmọ ọdún 22 tó ń gbá bọ́ọ̀lù fún yunifásítì lọ́dún tó kọjá! Ṣé ẹ tiẹ̀ ń bi ara yín léèrè ohun tó gbé e dé ẹgbẹ́ yẹn? Ẹgbẹ́ tó bá fìdí rẹmi jù lọ ni wọ́n ń jẹ́ kó kọ́kọ́ mú èèyàn nínú draft, ètò tí àwọn ẹgbẹ́ fi ń yan ọmọ tuntun lọ́dọọdún. Ilé tí òrùlé rẹ̀ ti ṣí lọ ni wọ́n mú un wọ̀, ẹ wá ń bi í pé kí ló dé tí òjò fi ń pa á.

Ẹ jẹ́ ká mú eré kan ṣoṣo. Eré tó ṣáájú parí, aago bẹ̀rẹ̀ sí í ka 40 ìṣẹ́jú àáyá sẹ́yìn. Akọ́nimọ̀ọ́gbá ń bá a sọ̀rọ̀ nínú rédíò inú akoto rẹ̀, ṣùgbọ́n bí aago bá ti ku 15, rédíò yẹn á dákẹ́ rọ́rọ́. Ó di òun nìkan. Ó gbọ́dọ̀ ti ka orúkọ eré náà, tó lè gùn bí odidi gbólóhùn, fún àwọn mẹ́wàá yòókù láìṣì í kà. Wọ́n tò tán, ó ní láti wá linebacker (agbèjà àárín alátakò) tí wọ́n ń pè ní Mike, kó nawọ́ sí i, kí àwọn márùn-ún tó ń dènà níwájú rẹ̀ lè mọ ẹni tí kálukú máa mú. Kó tún wo ọ̀ọ́kán: ṣé ẹnì kan ló ń ṣọ́ ẹ̀yìn pátápátá ni àbí méjì? Bí ẹni mẹ́fà bá ya bò ó nígbà tí adènà jẹ́ márùn-ún, ẹni kẹfà yẹn, tirẹ̀ ni. Kò sẹ́ni tó máa bá a mú un. Bọ́ọ̀lù gbọ́dọ̀ ti kúrò lọ́wọ́ rẹ̀ kí onítọ̀hún tó dé, ẹni tó fẹ́ jù ú sí náà sì gbọ́dọ̀ ti rí ohun tí òun rí, kó gé eré rẹ̀ kúrú, kó yíjú padà. Bí ìyẹn ò bá yíjú, wọ́n á gbé ọmọ ọlọ́mọ ṣánlẹ̀, tẹlifíṣàn á fi ojú rẹ̀ hàn lẹ́ẹ̀mẹ́ta, ẹ̀yin á sì bẹ̀rẹ̀ èébú. Láti ìgbà tí bọ́ọ̀lù ti bọ́ sí i lọ́wọ́ dé ìgbà yẹn, ká sọ pé ó pẹ́, ìṣẹ́jú àáyá mẹ́ta.

Ní yunifásítì tó ti wá ńkọ́? Títí di 2024, kò sí rédíò nínú akoto wọn níbẹ̀. Ẹ̀gbẹ́ pápá ló ń wò, wọ́n ń fi ọwọ́ àti pátákó júwe eré fún un, akọ́nimọ̀ọ́gbá ló sì ń bá a ka alátakò. Àwọn adènà níbẹ̀ lè wọ iwájú tó yáàdì 3 kó tó ju bọ́ọ̀lù. Ní NFL, yáàdì 1 péré, bí wọ́n bá kọjá rẹ̀, ẹ̀ṣẹ̀ ni. Àwọn kan nínú eré tó sọ ọ́ di ìlú-mọ̀-ọ́n-ká ti di ohun tí adájọ́ á ju àsíá sí. Àwọn ìlà àárín pápá pàápàá yàtọ̀: 40 ẹsẹ̀ bàtà ló wà láàárín wọn ní yunifásítì, ní NFL kò pé 19. Apá kan pápá tó máa ń ṣí gbayawu fún un tẹ́lẹ̀ ti pa dé.

Mi ò sọ pé ọmọ náà kì í jẹ̀bi o. Wọ́n gbé Caleb Williams, kọ́tábáàkì tuntun Chicago, ṣánlẹ̀ ìgbà 68 ní 2024, àwọn kan wà nínú rẹ̀ tó jẹ́ pé òun ló di bọ́ọ̀lù mọ́ àyà títí iná fi jó o. Kó jù ú síta, kó gbà pé eré yẹn ti bàjẹ́, ẹ̀kọ́ ni, ó sì máa ń pẹ́ kó tó wọlé. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń ka 68 tí kò ka iye èyí tó wáyé kí ìṣẹ́jú àáyá mẹ́ta tó pé, irọ́ ló ń fi òǹkà pa.

Inú tó ń bí mi gan-an, àwọn tó ni ẹgbẹ́ ló ń bí i. Àwọn ló máa ń jáde wá bẹ̀ wá pé ká ní sùúrù. Sùúrù wo? Carolina fẹ́ mú kọ́tábáàkì Bryce Young ní ipò kìíní nínú draft 2023, wọ́n bá gbé DJ Moore, ẹni tó ń gba bọ́ọ̀lù dáadáa jù lọ lọ́dọ̀ wọn, fún Chicago pẹ̀lú àǹfààní draft oríṣiríṣi. Wọ́n ra ẹni tó máa jù ú, wọ́n ta ẹni tó máa gbà á! Wọ́n gbé ọmọ náà ṣánlẹ̀ ìgbà 62, ẹgbẹ́ borí nínú 2, wọ́n pàdánù 15. Ìdíje 11 péré ni akọ́nimọ̀ọ́gbá Frank Reich lò kí wọ́n tó lé e dànù. Akọ́nimọ̀ọ́gbá mìíràn dé ní 2024, lẹ́yìn ìdíje méjì ó gbé Young jókòó. Èyí tó ń pa mí lẹ́rìn-ín ẹ̀kún: àǹfààní draft ọdún 2024 tí Carolina fi sílẹ̀ ló padà di ipò kìíní, òun ni Chicago fi mú Caleb Williams.

Chicago náà ò kọ́kọ́ gbọ́n. Wọ́n lé ẹni tó ń darí ìkọlù wọn nínú oṣù Kọkànlá 2024, nígbà tó sì di ọjọ́ kejì Thanksgiving, ọjọ́ ìdúpẹ́ Amẹ́ríkà, wọ́n lé olórí akọ́nimọ̀ọ́gbá Matt Eberflus, nítorí pé ó jẹ́ kí àkókò tán mọ́ wọn lórí ní Detroit nígbà tí timeout (àǹfààní láti dá aago dúró) ṣì wà lọ́wọ́ wọn. Ọmọ náà ń kọ́ èdè kan, wọ́n yí èdè mọ́ ọn lẹ́nu. Àmọ́ ní 2025 wọ́n ṣe ohun tó yẹ, wọ́n mú adènà mẹ́ta wá: Joe Thuney láti Kansas City, Jonah Jackson láti Los Angeles, Drew Dalman láti Atlanta, gbogbo àárín ìlà iwájú di tuntun, Ben Johnson sì di olórí akọ́nimọ̀ọ́gbá. Iye ìgbà tí wọ́n gbé e ṣánlẹ̀ lọ́dún náà kò tó ìdajì 68, ẹgbẹ́ borí nínú ìdíje 11. Ọmọ kan náà ni o.

Gbogbo yín lẹ máa ń pe Peyton Manning, kọ́tábáàkì Indianapolis: bọ́ọ̀lù 28 tó jù sọ́wọ́ alátakò ní 1998, ẹgbẹ́ borí nínú 3, wọ́n pàdánù 13, ọdún tó tẹ̀ lé e, wọ́n borí nínú 13, wọ́n pàdánù 3. Ẹ kì í dárúkọ Tom Moore. Òun ló ń darí ìkọlù Indianapolis láti 1998 títí dé 2008. Wọ́n lé olórí akọ́nimọ̀ọ́gbá, òun dúró, àwọn ọ̀rọ̀ tí Manning ń pè kò yí padà.

Ẹ ṣírò rẹ̀. Àdéhùn ọmọ tuntun jẹ́ ọdún 4. Fún ẹni tí wọ́n mú ní ìpele kìíní, lẹ́yìn ọdún kẹta ni ẹgbẹ́ gbọ́dọ̀ pinnu bóyá wọ́n máa fi ọdún karùn-ún kún un. Sáà mẹ́ta ló wà láti fi mọ̀ ọ́n. Bí ẹ bá lé akọ́nimọ̀ọ́gbá rẹ̀ ní ọdún kìíní, ọdún kejì á lọ sórí kíkọ́ ọ̀rọ̀ tuntun. Kí ló kù? Tennessee mú kọ́tábáàkì Cam Ward ní ipò kìíní ní 2025, ìdíje mẹ́fà, wọ́n ti lé akọ́nimọ̀ọ́gbá Brian Callahan.

Ẹ tún wá ní "gbé e jókòó, kó kẹ́kọ̀ọ́". Kẹ́kọ̀ọ́ níbo? Tí sáà bá ti bẹ̀rẹ̀, ìdánrawò tí wọ́n ń wọ gbogbo ìhámọ́ra fún kò gbọ́dọ̀ ju 14 lọ fún odidi sáà, ẹni tó máa gbá lọ́jọ́ Sunday ló sì ń gba fẹ́rẹ̀ẹ́ gbogbo eré pẹ̀lú ẹgbẹ́ àkọ́kọ́. Ẹni tó jókòó á máa ṣe bí kọ́tábáàkì alátakò, kí àwọn agbèjà tirẹ̀ lè fi ṣe ìdánrawò. Kọ́tábáàkì Patrick Mahomes jókòó sẹ́yìn Alex Smith ní 2017, Aaron Rodgers jókòó fún ọdún mẹ́ta, ètò ni láti ìbẹ̀rẹ̀. Kì í ṣe pé ìpayà mú èèyàn ní ọ̀sẹ̀ kẹfà.

Ẹ má sì fi Jayden Daniels, kọ́tábáàkì tuntun tó ṣe dáadáa ní Washington ní 2024, lù mí lẹ́nu. Washington ra Tyler Biadasz sí àárín adènà, wọ́n ra Zach Ertz tó ń gba bọ́ọ̀lù, wọ́n ra agbèjà Bobby Wagner, kí ọmọ náà tó dé.

Nígbà tí Jets, ẹgbẹ́ New York, mú Olu Fashanu, ọmọ tiwa, ní ipò 11 ní 2024 láti wá máa dènà, ta ló jó? Adènà ni, kò sẹ́ni tó ń ra aṣọ wọn. Jets yìí kan náà mú kọ́tábáàkì Sam Darnold ní ipò 3 ní 2018, ọdún mẹ́ta, wọ́n tà á. Wọ́n mú Zach Wilson ní ipò 2 ní 2021, ọdún mẹ́ta, wọ́n ta òun náà. Ní 2024, Darnold darí Minnesota borí nínú ìdíje 14, Jets borí nínú 5. Wọ́n ṣì ń bèèrè kọ́tábáàkì tí wọ́n máa mú tẹ̀ lé e.