Ta Ló Sọ Pé Gbogbo Ẹṣin Ló Ń Wọ̀ Ọ́?

Ó ti sú mi o! Bí Iléyá bá ti ń sún mọ́lé, tí a ń múra fún Ojúde Ọba ọjọ́ kẹta n'Íjẹ̀bú-Òde, wàhálà kan náà ni: ọ̀já tí yóò di gàárì mọ́ ẹṣin mi láì bó o lára. Ẹni tó ń tà á á ní, "Ọ̀gá, gbogbo ẹṣin ló ń wọ èyí." Irọ́ ni! Ikùn ẹṣin tèmi rí rogodo bí àgbá, ibi tí ọ̀já sì yẹ kó jókòó sí sún mọ́ ìgúnpá ẹsẹ̀ iwájú rẹ̀ pẹ́kípẹ́kí. Ẹ dì í sẹ́yìn, kò ní pẹ́ tí yóò fi yọ̀ wá síwájú, tí yóò máa ha á. Irun á re, awọ á bó.

Èyí tó wá ń bí mi jù ni àwọn ọlọ́gbọ́n orí ìdúró: "Fún un le sí i!" Fún kí ni le? Ẹṣin tó ti ká etí sẹ́yìn, tó ń wá ẹni tí yóò bù jẹ kí ọwọ́ tó kan ọ̀já, ṣé eré ló ń ṣe ni?

Ọ̀já tí wọ́n gé wọnú níbi ìgúnpá wà láyé yìí, tó ní rọ́bà tó ń nà lápá méjèèjì. Èyí tí mò ń rí rà, apá kan ṣoṣo ni rọ́bà wà, ó sì ń fa gàárì sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Owó ìlẹ̀kẹ̀ àti aṣọ ọ̀ṣọ́ ẹṣin kì í wọ́n wa, ti ọ̀já ló máa ń dà bíi pé ó pọ̀ jù.

Mo ti bẹ oníṣẹ́-awọ kan kó wá wọn ẹṣin náà fúnra rẹ̀. Ó ní òun ti wà lọ́nà. Láti ọjọ́ Àìkú!