Ilẹ̀ Bàbá Wa ní Ìta-Ògbólú: Àpò Kan Náà ni àbí Ebè Ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀?

Ọmọ Ìta-Ògbólú:
Ẹ̀yin ará ilé, ẹ kú àárọ̀ o. Ìmọ̀ràn ni mo wá gbà. Bàbá wa fi ilẹ̀ bí éékà 12 sílẹ̀ lọ́nà Ìta-Ògbólú, kò jìnnà sí Àkúrẹ́. Kòkó àtijọ́ wà lórí éékà mẹ́rin, ìyókù ti di igbó. Àwa ọkùnrin mẹ́rin jókòó, a sì fẹnu kò pé a ò ní pín in. A fẹ́ kó ìdílé wa lọ síbẹ̀, ká jọ máa ṣe oko náà, ká máa jẹ nínú rẹ̀, kí owó tó bá wọlé máa lọ sínú àpò kan ṣoṣo, kí ẹni tó bá nílò máa mú níbẹ̀. Ẹ̀gbọ́n wa àgbà ò lè wá, Èkó ló ń gbé, ṣùgbọ́n yóò máa fowó ránṣẹ́. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti rí irú rẹ̀ rí, ibo ni ká ti bẹ̀rẹ̀?

Àgbẹ̀ Ìdànrè:
Àbúrò, ẹ ṣeun tẹ́ ò pín ilẹ̀ náà. Àmọ́ àpò kan ṣoṣo yẹn ń bà mí lẹ́rù. Àwọn bàbá wa ò ṣe bẹ́ẹ̀. Àáró ni wọ́n ń ṣe: lónìí oko tèmi, lọ́la oko tìrẹ, gbogbo wa á jọ kọ ebè, olóko ló sì ń wá oúnjẹ. Bí iṣẹ́ bá ju ti àáró lọ, bí ilé kíkọ́ tàbí igbó ńlá tó fẹ́ ṣíṣán, ọ̀wẹ̀ ni wọ́n ń bẹ̀. Ṣùgbọ́n iṣu tó bá wà lábẹ́ ebè, ẹni tó ni ebè ló ni ín. Iṣẹ́ ni wọ́n ń pa pọ̀, wọn kì í pa àká pọ̀. Ẹni tó mọ̀ pé iṣu òun ni koríko fẹ́ pa, kò ní dúró de ẹnikẹ́ni kó tó mú ọkọ́. Tó bá di iṣu gbogbo wa, oníkálukú á máa wojú ẹnì kejì.

Ọmọ Ìlàjẹ:
Ẹ̀gbọ́n, mi ò gbà. Ìpínlẹ̀ Oǹdó yìí náà ni Ayétòrò wà, létí òkun lọ́dọ̀ wa ní Ìlàjẹ. Nígbà tí àwọn Àpọ́sítélì Mímọ́, ìjọ Kristẹni kan, tẹ ìlú náà dó ní 1947, kò sẹ́ni tó ní àpò tirẹ̀ lọ́tọ̀. Ẹja tí wọ́n bá pa, ti ìlú ni. Ìlú ló ń bọ́ wọn, ìlú ló ń wọ̀ wọ́n láṣọ, ìlú ló ń kọ́ ọmọ wọn níṣẹ́. Ọwọ́ ara wọn ni wọ́n fi kan ọkọ̀ ojú omi, wọ́n hun aṣọ, wọ́n rán bàtà, wọ́n sì ti ní iná mọ̀nàmọ́ná ní 1953, nígbà tí ọ̀pọ̀ ìlú ńlá ṣì ń tan àtùpà. Kí ẹnikẹ́ni má sọ fún mi pé a ò lè jẹ nínú ìkòkò kan náà. A ti jẹ ẹ́, a sì yó.

Àgbẹ̀ Ìdànrè:
Mo bọ̀wọ̀ fún Ayétòrò gan-an. Àmọ́ ìgbàgbọ́ kan náà ló kó wọn jọ, ọba tí wọ́n gbà pé Ọlọ́run ló yàn ló sì ń darí wọn. Lẹ́yìn tí ọba àkọ́kọ́ yẹn wàjà, tí wọ́n wá gbà kí kálukú máa ṣòwò tirẹ̀, ṣé àpò náà dúró bó ṣe wà?

Ẹ jẹ́ kí n mẹ́nu ba ti Ìdànrè. Ọmọ wa ni Olóyè Akin Deko, mínísítà ètò ọ̀gbìn ní Western Region nígbà tí òmìnira ń bọ̀ lọ́nà. Wọ́n lọ wo bí wọ́n ṣe ń dáko ní Ísírẹ́lì. Oríṣi oko àjọṣe méjì ló gbajúmọ̀ níbẹ̀ nígbà náà. Nínú kibbutz, gbogbo nǹkan jẹ́ ti gbogbo wọn. Nínú moshav, ìdílé kọ̀ọ̀kan ló ni ilé àti oko tirẹ̀, wọ́n kàn ń jọ ra ajílẹ̀ àti irinṣẹ́, wọ́n sì ń jọ ta ọjà. Ti moshav ni wọ́n mú wálé tí wọ́n fi dá farm settlement, ìyẹn ibùdó oko ìjọba, sílẹ̀.

Ọmọ Ìlàjẹ:
Farm settlement tẹ́ ẹ ń wí yẹn, ibo ló já sí? Ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ tí wọ́n kó síbẹ̀ ló já a sílẹ̀ lọ sí ìgboro.

Àgbẹ̀ Ìdànrè:
Òótọ́ ni. Àwọn ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ilé-ìwé ni, wọn ò mọ ara wọn rí, ìjọba ló ń náwó lé wọn lórí, ilẹ̀ náà kì í sì í ṣe ti bàbá wọn. Ti àwọn wọ̀nyí yàtọ̀.

Ìyá Gàrí Ìjù:
Ebè ni gbogbo yín ń sọ, ẹnikẹ́ni ò sọ ta ni yóò yan gàrí.

Ẹ̀gẹ́ tẹ́ ẹ bá fà tu láàárọ̀, obìnrin ló ń jókòó ti òkìtì rẹ̀ títí di ìrọ̀lẹ́, tó ń bó èèpo. Á fọ̀ ọ́, á rù ú lọ sídìí ẹ̀rọ, á dì í sínú àpò, á fi jáàkì tẹ̀ ẹ́ títí omi rẹ̀ á fi gbẹ, á sẹ́ ẹ, kó tó gbé agbada kaná. Èéfín á ti sọ ojú rẹ̀ di pupa. Igbá tó fi ń rò ó kò gbọ́dọ̀ kúrò lọ́wọ́ rẹ̀, torí tó bá dáwọ́ dúró díẹ̀, tìsàlẹ̀ á jóná, tòkè á dì. Lẹ́yìn gbogbo ìyẹn, ẹ̀gẹ́ tútù 100 kílò, gàrí tó ń dé inú àpò kì í sábà ju kílò 20 sí 25 lọ. Nínú oko ìdílé, wọ́n á ní "àwọn ìyàwó ló ṣe é", wọn kì í kọ ọ́ sílẹ̀ fún ẹnikẹ́ni. Àwọn ìyàwó tẹ́ ẹ fẹ́ kó lọ yìí, ṣé wọ́n bá yín jókòó níbi tẹ́ ẹ ti fẹnu kò?

Ìkejì, ẹ ní "àwa ọkùnrin mẹ́rin". Ṣé bàbá yín ò bí obìnrin ni?

Ọmọ Ìta-Ògbólú:
Wọ́n bí méjì, Mà. Ẹ̀gbọ́n wa obìnrin wà nílé ọkọ ní Ọ̀wọ̀, àbúrò wa wà n'Íbàdàn. Wọn ò sọ pé àwọn fẹ́ dáko.

Lọ́yà Alágbàká:
Kódà tí wọn ò bá fọwọ́ kan ọkọ́ láé, ilẹ̀ yẹn jẹ́ tiwọn bó ṣe jẹ́ tiyín. Ní ilẹ̀ Yorùbá, obìnrin ń jogún bàbá rẹ̀. Ilé ẹjọ́ ti fi èyí múlẹ̀ láti 1924, nínú ẹjọ́ Lopez àti Lopez. Tí ìyàwó bàbá yín bá ju ọ̀kan lọ, ẹ tètè sọ ọ́, torí ìdí-igi la sábà fi ń pín ogún, ìyẹn ìpín kan fún ìyá kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú àwọn ọmọ rẹ̀, àfi tí ìjà bá wà tí olórí ẹbí sì ní orí-ò-jorí ni ká lò, ìyẹn kí ọmọ kọ̀ọ̀kan gba ìpín tirẹ̀.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti máa ń di ẹjọ́ nìyí: ẹni tó bá gbin kòkó tàbí ọ̀pẹ tuntun sórí ilẹ̀ ẹbí, igi yẹn ò sọ ilẹ̀ náà di tirẹ̀. Ẹ̀gbọ́n yín tó wà l'Ékòó lè rówó gbin ọ̀pẹ lónìí, lẹ́yìn ọdún 20 àwọn ọmọ rẹ̀ á ní ilẹ̀ bàbá àwọn ni. Ẹ kọ àdéhùn sílẹ̀, kí gbogbo ọmọ fọwọ́ sí i, kí igi tó wọlẹ̀. Tẹ́ ẹ bá sì fẹ́ forúkọ ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù sílẹ̀, òfin 1993 ní kí ènìyàn má dín ní 10. Ẹ̀yin mẹ́fà pẹ̀lú ìyàwó mẹ́rin, ẹ ti pé.

Akápò Alájẹṣẹ́kù, Oǹdó:
Lọ́yà ti sọ ti ilẹ̀, ẹ jẹ́ kí n sọ ti owó, torí ibẹ̀ ni ẹgbẹ́ ti ń tú.

Ilẹ̀, owó àti òógùn ojú, ẹ má pa wọ́n pọ̀. Ilẹ̀ ò gba nǹkan kan, torí ti gbogbo yín ni. Owó tí ẹ̀gbọ́n Èkó bá mú wá, ẹ kọ ọ́ ní orúkọ rẹ̀, kí ẹ sì fẹnu kò sí èlé kékeré tí yóò máa gbà lórí rẹ̀. Kò gbọ́dọ̀ torí owó ní ohùn jù. Ẹnì kan, ìbò kan: bẹ́ẹ̀ làwọn alájẹṣẹ́kù ti ń ṣe é látìgbà àwọn ará Rochdale ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 1844. Iṣẹ́ ńkọ́? Ẹ ra ìwé kan. Kí ilẹ̀ tó ṣú, ẹ kọ ẹni tó ṣiṣẹ́ àti ohun tó ṣe, bóyá odindi ọjọ́ ni tàbí ààbọ̀. Gàrí yíyan, odindi ọjọ́ ni. Tẹ́ ẹ bá tajà tán, ẹ kọ́kọ́ yọ owó irúgbìn àti ti ajílẹ̀, ẹ yọ ìdá kan nínú mẹ́rin pa mọ́, ẹ san èlé, kẹ́ ẹ tó fi iye ọjọ́ iṣẹ́ pín ìyókù.

Oúnjẹ nìkan ni mo gbà kó wà nínú ìkòkò kan náà. Kí gbogbo ilé máa já ẹ̀fọ́, kí wọ́n máa wa iṣu jẹ, kẹ́nikẹ́ni má bi wọ́n. Àmọ́ ohunkóhun tó bá ń lọ sí Ọjà Ọba, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀.

Ọmọ Ìlàjẹ:
Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ ńkọ́? Ẹni tí ibà dá dùbúlẹ̀ lásìkò ebè ńkọ́? Nínú ìwé yín yìí, òfo ni wọ́n á kọ síwájú orúkọ rẹ̀. Ohun tí àpò kan wà fún gan-an nìyẹn.

Akápò Alájẹṣẹ́kù, Oǹdó:
Ọ̀rọ̀ yín wọ̀ mí lọ́kàn. Ẹ jẹ́ kí wọ́n máa kọ ọjọ́ fún un bí ẹni tó wà lóko, kí wọ́n fẹnu kò sí iye oṣù fún abiyamọ, kó tó di pé ẹnikẹ́ni lóyún. Ìdá kan nínú mẹ́rin yẹn ló máa gbé e.

Tísà Àgrìk:
Ẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹ́ máa jẹ nínú oko yín, oṣù kẹrin sí ìkẹfà ni yóò dán yín wò. Iṣu tuntun ò tíì jáde, ti èṣí ti ń hù, àgbàdo ò tíì gbó. Ẹ̀gẹ́ àti ọ̀gẹ̀dẹ̀ ló máa gbà yín. Ẹ̀gẹ́ tó ti pé oṣù 12 ṣì lè dúró nínú ilẹ̀, nítorí náà ẹ má gbìn ín lẹ́ẹ̀kan náà, kẹ́ ẹ má sì wú u tán.

Iyọ̀, oògùn, owó ilé-ìwé, oko ò lè hù wọ́n. Kòkó ló máa san án. Ẹ má gé àtijọ́ yẹn. Ẹ dín ẹ̀ka rẹ̀ kù kí atẹ́gùn lè wọlé. Nígbà òjò, èso tó bá ti ń dúdú, ẹ já a kúrò kó má baà ran ìyókù. Tẹ́ ẹ bá la èso tó pọ́n, ẹ fi ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ bo hóró rẹ̀ fún ọjọ́ 5 sí 6, kẹ́ ẹ máa yí i, kẹ́ ẹ tó sá a. Ẹ má sá a sí etí títì.

Ọmọ Ọ̀bá-Ilé:
Màálù ńkọ́? Òfin tó lòdì sí dída màálù kiri ti wà ní ìpínlẹ̀ yìí láti 2021, ṣùgbọ́n òfin kì í ṣọ́ ẹ̀gẹ́ lóru. Ẹ kọ́ ilé yín sínú oko.

Ọmọ Ìta-Ògbólú:
Ẹ ṣeun gan-an. Tí ẹnì kan bá ní òun ò ṣe mọ́ ńkọ́?

Lọ́yà Alágbàká:
Owó rẹ̀ ni yóò gbà, díẹ̀díẹ̀, bẹ́ ẹ ti kọ ọ́. Ilẹ̀ ò ní bá a lọ, kò sì lè ta ibì kankan níbẹ̀ fún àlejò.

Àgbẹ̀ Ìdànrè:
Mo gba ti Akápò. Àmọ́ ẹ fún ìdílé kọ̀ọ̀kan ní ebè tirẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ èyí tẹ́ ẹ jọ ń ṣe. Ẹ jẹ́ kí ìyàwó rí ohun tó lè tà láìtọrọ.

Ọmọ Ìlàjẹ:
Ebè yẹn ni wọ́n máa kọ́kọ́ ro lójoojúmọ́, ẹ̀gbọ́n. Koríko á wá pa ti gbogbo yín.

Àgbẹ̀ Ìdànrè:
Ẹ jẹ́ kó jẹ́ ọ̀sán nìkan ni wọ́n máa lọ síbẹ̀. Àárọ̀ jẹ́ ti gbogbo wọn.

Ọmọ Ìta-Ògbólú:
Mo ti pe ẹ̀gbọ́n wa tó wà ní Ọ̀wọ̀. Inú rẹ̀ ò dùn pé ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gbọ́, àmọ́ ó ní òun á wá lọ́jọ́ Sátidé, àti pé òun lòun máa máa kọ ìwé ọjọ́ iṣẹ́.

Akápò Alájẹṣẹ́kù, Oǹdó:
Ẹ fún un ní ìwé. Kí ẹlòmíì máa tọ́jú owó.