Kì í ṣe gbogbo ìrora ló ń gbọ́ ti "èyí tó lágbára jù"

Ẹ lọ dúró síwájú kẹ́míìsì èyíkéyìí nírọ̀lẹ́, kò ní pẹ́ tẹ́ ẹ máa gbọ́ ọ: "Ẹ bá mi wá èyí tó lágbára jùyẹn lọ." Paracetamol ò ràn án, wọ́n bọ́ sórí ibuprofen, ìyẹn náà ò ràn án, ó kan diclofenac, ó kan abẹ́rẹ́, ó kan tramadol, kẹ́ ẹ sì tó ṣẹ́jú ẹni náà ti ń wá tramadol 225 mg kiri, èyí tí NAFDAC ò fọwọ́ sí rárá torí wọn ò fọwọ́ sí èyí tó bá ju 100 mg lọ. Ohun tí gbogbo ayé gbà ni pé bí ìrora bá ṣe le tó náà ni oògùn ìrora gbọ́dọ̀ ṣe le tó. Tó bá jẹ́ egbò tútù, tàbí eyín, tàbí eegun tó ṣẹ́ lánàá, ó dáa, òótọ́ wà ńbẹ̀. Àmọ́ tó bá jẹ́ nẹ́ẹ̀fù, ìyẹn okùn tẹ́ẹ́rẹ́ tó ń gbé ìròyìn láti ara lọ sí ọpọlọ, ló fara pa, irọ́ gbáà ni.

Irú ìrora tí mò ń sọ rèé: ẹnì kan já bọ́ lórí ọ̀kadà, egbò ti jinná, eegun ti so, wọ́n ya X-ray wọn ò rí nǹkan kan, síbẹ̀ tílẹ̀ bá ti ṣú ẹsẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í jó o, á máa ta á, á máa gbé e bí iná NEPA, ibòmíì lára ẹsẹ̀ yẹn kan náà á sì kú tipiri, aṣọ ìbora lásán tó bá kàn án á pariwo. Tàbí ẹni tí wọ́n gún lábẹ́rẹ́ níbi tí kò yẹ ní ìdí, tí abẹ́rẹ́ lọ ṣe nẹ́ẹ̀fù ńlá tó gba ìdí lọ sẹ́sẹ̀ léṣe, èyí sì wọ́pọ̀ lọ́dọ̀ wa ju bó ṣe yẹ lọ, torí ẹnikẹ́ni tó bá ti ní ṣọ́ọ̀bù ló ń gún èèyàn lábẹ́rẹ́.

Ibi tó wú, tó gbóná ni ibuprofen àti diclofenac ti rí iṣẹ́ ṣe, wọ́n máa ń dí èròjà kan tí ara ń ṣe síbi ọgbẹ́ lọ́wọ́. Ẹsẹ̀ tí mo wí yìí ò wú, kò gbóná. Nẹ́ẹ̀fù tó bàjẹ́ yẹn fúnra ẹ̀ ló ń kígbe sí ọpọlọ láìnídìí, bí áláàmù mọ́tò tó ń ké lóru tí olè kankan ò sí nítòsí. Kí wá ni diclofenac fẹ́ ṣe sí ìyẹn, àfi kó máa jẹ ikùn àti kíndìnrín ẹni tó ń gbé e mì lójoojúmọ́.

Ẹ̀gbọ́n mi kan, wẹ́dà ni wọ́n, irú ẹ̀ ṣe wọ́n lẹ́yìn ìjàǹbá. Dókítà kan kọ amitriptyline fún wọn, 10 mg péré, kí wọ́n máa lò ó lálẹ́. Wọ́n délé, wọ́n ka ìwé inú páálí, wọ́n rí i pé oògùn àwọn tó ní ìsoríkọ́ ni, inú bí wọn burúkú, wọ́n ní ṣé wèrè ni dókítà yẹn pe àwọn ni, wọ́n sọ oògùn sínú dúrọ́ọ̀. Màmá wa ló ní kí wọ́n lò ó o jàre, pé owó ti jáde. (Mo mọ̀ pé ìyẹn kì í ṣe ìdí tó dáa láti lo oògùn.) Oorun ló kọ́kọ́ dé. Ìrora ò tètè gbọ́, ó tó ọ̀sẹ̀ mélòó kan kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í rọlẹ̀, kò sì lọ tán títí dòní, àmọ́ wọ́n ti lè wọ ṣòkòtò jíǹsì, èyí tí wọn ò lè gbìyànjú ẹ̀ tẹ́lẹ̀.

Kò sẹ́ni tó pè wọ́n ní wèrè. Ọ̀nà kan wà tí ọpọlọ fi ń ránṣẹ́ gba ọ̀pá ẹ̀yìn wá sísàlẹ̀ láti pa ariwo ìrora lẹ́nu mọ́, oògùn yẹn ló ń fún ọ̀nà yẹn lágbára, bóyá inú èèyàn bà jẹ́ o, bóyá inú ẹ̀ dùn. Ìdí nìyẹn tí ìwọ̀n tí wọ́n ń lò fún ìrora fi sábà máa ń kéré sí ti ìsoríkọ́. Oògùn wárápá tí wọ́n tún máa ń kọ fún irú ìrora yìí náà ńkọ́? Gabapentin, wárápá ni Amẹ́ríkà kọ́kọ́ fọwọ́ sí i fún ní 1993, wárápá náà sì ni wọ́n mọ carbamazepine mọ́ kí wọ́n tó rí i, láti nǹkan bí 1962, pé ó ń gba àwọn tí nẹ́ẹ̀fù ojú ń dà láàmú sílẹ̀. Nẹ́ẹ̀fù tó ń tají láìnídìí ni wọ́n ń mú wálẹ̀.

Ẹ má wá sáré lọ rà á fúnra yín o. Kì í ṣiṣẹ́ fún gbogbo èèyàn: nínú ẹni 10 tí àtọ̀gbẹ ba nẹ́ẹ̀fù ẹ̀ jẹ́, bíi 4 ni gabapentin ń dín ìrora wọn kù dé ìdajì, nínú ẹni 10 mìíràn tí wọ́n fún ní oògùn tí kò ní nǹkan kan nínú, bíi 2 náà ń rí irú ìrọ̀rùn yẹn. Amitriptyline ń mú ẹnu gbẹ, ó ń kunni lóorun, kò dáa fún ẹni tó ní àrùn ọkàn tàbí tí ìtọ̀ kì í fẹ́ jáde, téèyàn bá sì dà á pọ̀ mọ́ tramadol ó lè fa gìrì.

Àwọn tó máa ní àsasí ni, mo ti ń retí yín. Ẹsẹ̀ tí wọ́n gé tó ṣì ń dunni ni wọ́n sábà ń fi jiyàn, pé wọn ò sin ín dáadáa ni. Ó dáa, Silas Weir Mitchell, dókítà ní Philadelphia, kọ nípa ìyẹn gan-an lára àwọn ṣọ́jà tó ja ogun abẹ́lé Amẹ́ríkà láwọn ọdún 1860, ṣé àwọn náà ní ìyàwó bàbá tó ń ta wọ́n lọ́fà ni? Ọpọlọ ò tíì gbà pé ẹsẹ̀ ti lọ. Láwọn ọdún 1990, Ramachandran, onímọ̀ nípa ọpọlọ ní San Diego, gbé dígí síwájú irú wọn, kí èyí tó kù máa hàn nínú dígí bíi pé méjèèjì ló wà, ẹni náà á máa mì ín, á máa wò ó. Ní 2007 wọ́n tẹ èsì ìdánwò kan jáde lórí àwọn tí wọ́n gé lẹ́sẹ̀ ní ọsibítù àwọn ológun Amẹ́ríkà, gbogbo àwọn tó lo dígí lójoojúmọ́ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́rin ló ní ìrora dín kù. Àwọn tí wọ́n kàn ta aṣọ bo dígí fún ò rí bẹ́ẹ̀. Ìdánwò kékeré ni lóòótọ́, wọn ò tó 30, àmọ́ ewu dígí ò tó nǹkan.

Kí ẹnì kan tó bi mí: bẹ́ẹ̀ ni, ata náà wà lára ohun tí wọ́n fi ń tọ́jú irú ìrora yìí. Èròjà tó ń jẹ́ kí ata ta wa lẹ́nu, capsaicin, ni David Julius, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ará Amẹ́ríkà, fi wá ẹ̀yà nẹ́ẹ̀fù tó ń gbọ́ ìgbóná rí ní 1997, ó sì wà lára ohun tó fi gba ẹ̀bùn Nobel ní 2021. Wọ́n ti ń fi ṣe páàṣì tí agbára ẹ̀ tó 8%, nọ́ọ̀sì á lẹ̀ ẹ́ mọ́ ibi tó ń dunni ní ọsibítù, ẹnu nẹ́ẹ̀fù ibẹ̀ á kú fún bí oṣù mẹ́ta. Ìyẹn ò ní kẹ́ ẹ gún ata rodo mọ́ ẹsẹ̀ nílé o, ẹ̀ẹ́ bó ara yín lásán ni, ẹ tún máa fi ọwọ́ yẹn nu ojú.