"Ilé mi ni" kò sọ pé kí ẹ fi ọwọ́ ara yín lé èèyàn jáde

Ọ̀pọ̀ èèyàn ló gbà tọkàntọkàn pé bí ẹnìkan bá wọ ilé onílé láìgbàṣẹ, onílé lè kó àwọn ọkùnrin alágbára jọ, kí wọ́n já ilẹ̀kùn, kí wọ́n sì da ẹrù onítọ̀hún síta. Mo mọ bí ọ̀rọ̀ náà ṣe máa ń ká èèyàn lára. Èèyàn ti ìrìn àjò dé, ó ki kọ́kọ́rọ́ bọ ilẹ̀kùn ara rẹ̀, kọ́kọ́rọ́ kò yí, aṣọ tí kì í ṣe tirẹ̀ ń gbẹ lórí okùn, ohùn àjèjì kan sì ti inú yàrá bi í pé, "Ta nì yẹn?" Kò sí ẹni tí inú rẹ̀ kò ní ru. Ṣùgbọ́n ìgbàgbọ́ yẹn lè sọ ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ di ẹni tí ọlọ́pàá ń mú.

Níní ilé ọ̀tọ̀, wíwà nínú rẹ̀ ọ̀tọ̀, lójú òfin. Ní England àti Wales, òfin kan tí wọ́n ṣe ní ọdún 1977 sọ ọ́ di ẹ̀ṣẹ̀ láti fi ipá tàbí ìhàlẹ̀ wọ ilé nígbà tí ẹni tó wà nínú rẹ̀ ń kọ̀ fún yín, ẹ̀wọ̀n oṣù 6 sì lè tẹ̀ lé e. Pé ẹ ni ilé náà nìkan kò tó láti gbà yín. Ẹni tó ń gbé inú ilé náà gan-an kí àjèjì tó lé e jáde wà lára àwọn díẹ̀ tí òfin náà yọ sílẹ̀.

Ìbéèrè tó ṣe pàtàkì jù ni pé: báwo ni onítọ̀hún ṣe wọlé? Láti ọjọ́ 1 oṣù kẹsàn-án ọdún 2012, ẹ̀ṣẹ̀ ni láti wọ ilé gbígbé láìgbàṣẹ kí èèyàn sì máa gbé inú rẹ̀ ní England àti Wales, ọlọ́pàá sì lè mú ẹni tó bá ṣe bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n òfin yẹn kò kan ayálégbé tí àsìkò rẹ̀ ti parí tó sì kọ̀ láti kó jáde, torí pé ìyọ̀ǹda ló fi wọlé. Ìpínlẹ̀ Florida ní Amẹ́ríkà ṣe tirẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ 1 oṣù keje ọdún 2024: onílé lè kọ̀wé ìbúra sí ṣẹ́ríìfù, ìyẹn ọ̀gá agbófinró agbègbè, pé kó lé àjèjì náà jáde. Kò kan ayálégbé, ìbáà jẹ́ ti ìsinsìnyí tàbí ti tẹ́lẹ̀, kò sì kan ẹbí onílé. Ẹni tí wọ́n bá sì lé jáde láìtọ́ lè gba owó ìtanràn tó tó ìlọ́po mẹ́ta owó ilé. Ẹ wò ó pé òfin tó ṣojúure sí onílé tó báyìí náà kò fi iṣẹ́ lílé èèyàn jáde sí onílé lọ́wọ́.

Ohun tó máa ń bí àwọn onílé nínú jù ni pé ọlọ́pàá dé ẹnu ọ̀nà, ó ní, "Ọ̀rọ̀ kóòtù ni èyí." Kì í sábà jẹ́ àìbìkítà. Àjèjì náà ti yọ ìwé àdéhùn ilé kan jáde, irọ́ sì lè ni, ṣùgbọ́n ọlọ́pàá tó dúró ní àbáwọlé kò lè dá ayédèrú mọ̀ níbẹ̀. Adájọ́ ló lè yẹ̀ ẹ́ wò. Nítorí náà, ẹ ya fọ́tò àgádágodo tí wọ́n já, ẹ kọ ọjọ́ tí ẹ mọ̀ sílẹ̀, ẹ wá ìwé ilé àti ẹlẹ́rìí ládùúgbò, kí ẹ sì pe lọ́yà ní kíá. Ìdúródúró ń pani lára: ní England, ọjọ́ 28 péré ni onílé ní láti ìgbà tó ti mọ̀, kó fi béèrè fún àṣẹ kíákíá tó máa ń fún àwọn àjèjì ní wákàtí 24 láti jáde lẹ́yìn tí ìwé bá tẹ̀ wọ́n lọ́wọ́. Mo sì bẹ̀ yín, ẹ má gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ ẹni náà, torí ó lè fi owó yẹn sọ pé ayálégbé yín lòun.

Lẹ́yìn àṣẹ kóòtù, àwọn òṣìṣẹ́ kóòtù ló ń wá ṣí ilẹ̀kùn. Iṣẹ́ onílé lọ́jọ́ náà ni pé kó dúró níta pẹ̀lú ẹni tó ń ṣe kọ́kọ́rọ́, kí wọ́n lè pààrọ̀ kọ́kọ́rọ́ bí àwọn àjèjì náà bá ti jáde tán.