Ìka kì í hù: lórí owó ẹni tó fara pa lẹ́nu iṣẹ́

Ọmọ Ọwá: Ẹ̀yin ará Iléṣà, ilé ìlagi tí àbúrò mi ti ń ṣiṣẹ́ pín ìwé fún àwọn òṣìṣẹ́. Tẹ́lẹ̀, ẹni tó bá fara pa ń gba ààbọ̀ owó oṣù títí ara rẹ̀ á fi yá. Ní báyìí, oṣù kan péré ni, wọ́n sì ní kí gbogbo wọn buwọ́ lù ú. Lọ́jọ́ Ẹtì tó kọjá ni ayùn gé ìka méjì lọ́wọ́ ẹnì kan níbẹ̀. Ṣé oṣù kan ni ìka fi ń hù ni?

Òṣómàáló Onípákó: Ẹ rọra o. Èmi náà ní ẹ̀rọ ìlagi. Dísù ti gbówó lórí, àwìn ni wọ́n ń ra pákó lọ́wọ́ mi. Ẹlòmíì á fọwọ́ ha báyìí, ó di oṣù mẹ́ta nílé. Ibo ni kí n ti rówó?

Ìyá Ìbejì Ìsọ̀kun: Ẹ̀gbọ́n, ta ló máa ti ọwọ́ bọ ẹnu ayùn nítorí ààbọ̀ owó oṣù? Òṣómàáló wo sì ni kò lè gba gbèsè? Ẹ lọ lóṣòó síwájú ilé àwọn tó jẹ yín lówó, ẹ fi aláìsàn sílẹ̀ 😂

Agbẹjọ́rò Lágéré: Láti Ifẹ̀ ni mo ti ń kí yín. Òfin ọdún 2010 ti yanjú ọ̀rọ̀ yìí. Ọ̀gá á máa san ìdá 1 nínú 100 àpapọ̀ owó oṣù àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ fún NSITF, ìyẹn àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń bójú tó owó ìrànwọ́ òṣìṣẹ́, àwọn ni wọ́n ń sanwó fún ẹni tó bá fara pa. Bí owó oṣù gbogbo wọn bá jẹ́ ₦1,000,000, ₦10,000 lọ̀gá á san, kò sì gbọdọ̀ yọ ọ́ lára owó wọn. Ẹni tí kò bá lè ṣiṣẹ́ mọ́ láyé á máa gba ìdá 90 nínú 100 owó oṣù rẹ̀. Ìwé tí wọ́n ní kí wọ́n buwọ́ lù yẹn, asán ni. Òfin ò gbà kí òṣìṣẹ́ bá ọ̀gá ṣàdéhùn pé òun fi ẹ̀tọ́ òun sílẹ̀.

Òṣómàáló Onípákó: Nínú ìwé nìyẹn. Ta ló gba owó lọ́wọ́ ìjọba kíákíá rí?

Agbẹjọ́rò Lágéré: Bó bá pẹ́, ìjọba la máa bá jà, kì í ṣe ẹni tí ìka rẹ̀ gé. Ọmọ Ọwá, kí onítọ̀hún fi tó ọ̀gá létí kí ọjọ́ 14 tó pé. Ọjọ́ 7 lọ̀gá ní láti fi tó NSITF létí.

Ọmọ Ọwá: Á kọ ọ́ lónìí, màá sì ní kó ní ẹ̀dà lọ́wọ́.

Òṣómàáló Onípákó: Èmi tí mo ní òṣìṣẹ́ mẹ́rin ńkọ́, ṣé ó kàn mí?

Agbẹjọ́rò Lágéré: Ó kàn yín, sà. Àwọn ológun ni òfin náà yọ sílẹ̀.

Òṣómàáló Onípákó: Mi ò tíì gbà pé wọ́n á sanwó o. Ṣùgbọ́n ẹ fi bí wọ́n ṣe ń forúkọ sílẹ̀ ránṣẹ́ sí mi.