Ta Ló Ń Yẹ Ẹni Tó Ń Yẹ Owó Wò Wò?

Dọ́là Morgan kan, owó ẹyọ fàdákà àtijọ́ ti Amẹ́ríkà, tí mo fi ránṣẹ́ sí CAC, ilé-iṣẹ́ tó máa ń lẹ sítíkà mọ́ owó ẹyọ tó bá tẹ́ ẹ lọ́rùn, padà dé lọ́sẹ̀ tó kọjá láìní sítíkà. Inú ike rẹ̀ ló ṣì wà, MS65 tí wọ́n kọ sí i lára (máàkì 65 nínú 70, fún owó tí ẹnikẹ́ni ò tíì ná) kò kúrò níbẹ̀, ẹnikẹ́ni ò sì fi nǹkan kan ha á lára. Ṣùgbọ́n kí n má purọ́: bí mo ṣe tú u tí n kò rí àmì àwọ̀ ewé yẹn, ńṣe ló dà bíi pé wọ́n bù lára owó mi. Owó tí mo ń wò tẹ́rìn-ín tẹ́rìn-ín láti ọdún mẹ́ta! Ó bí mi nínú, pàápàá sí ara mi.

Ẹ̀yin tí ẹ kì í kó owó ẹyọ jọ, ẹ fara balẹ̀ gbọ́ mi. Nígbà kan, ẹni tó ń tajà náà ló máa ń sọ bí owó rẹ̀ ṣe mọ́ tó, ọlọ́jà wo ló sì máa sọ pé ọjà òun ò dáa? Ayédèrú tún wà ńbẹ̀. Dọ́là Morgan ti 1893 tí wọ́n rọ ní San Francisco, 100,000 péré ni, lẹ́tà S kékeré tó wà lẹ́yìn rẹ̀ la sì fi ń dá a mọ̀. Àwọn ọ̀bàyéjẹ́ á wá dọ́là 1893 tí kò ní S, wọ́n á lẹ S mọ́ ọn, wọ́n á sì tà á fún ẹni tí ojú rẹ̀ ò là tó. Irú èyí ló jẹ́ kí PCGS, ilé-iṣẹ́ tó ń yẹ owó ẹyọ wò, ríṣẹ́ ṣe ní 1986, tí NGC, ilé-iṣẹ́ irú rẹ̀ mìíràn, sì tẹ̀lé e ní 1987. Ẹni tí kì í ṣe olùtà, tí kì í ṣe olùrà, ló máa yẹ owó wò, á fún un ní máàkì láti 1 dé 70, á sì sé e mọ́ inú ike.

(Máàkì 1 dé 70 yẹn ní ìtàn tirẹ̀. William Sheldon ló gbé e jáde ní 1949, fún sẹ́ǹtì ńláńlá àtijọ́ ti Amẹ́ríkà nìkan, bí ọjà ṣe ń ra owó náà ló sì fi ṣe é: èyí tó gba 70 yẹ kó tó ìlọ́po 70 èyí tó gba 1. Iye tí wọ́n ń tà á ló bí máàkì nígbà náà. Ẹ wá wo bó ṣe rí lónìí, máàkì ló kù tó ń bí iye.)

Èèyàn ẹlẹ́ran ara ló ń fún owó ní máàkì. Owó kan náà lè gba 64 lónìí, kó gba 65 bó bá padà lọ. Nítorí pé máàkì kan ṣoṣo lè sọ iye owó di ìlọ́po, àwọn kan sọ ọ́ di iṣẹ́: wọ́n á fọ́ ike, wọ́n á tún fi owó náà ránṣẹ́ fún àyẹ̀wò, títí wọ́n á fi rí èyí tí wọ́n ń fẹ́. Ní 2007, John Albanese, tó wà lára àwọn tó dá NGC sílẹ̀, bẹ̀rẹ̀ CAC. Òun kì í tú ike rárá. Ó kàn ń wo owó tí PCGS tàbí NGC ti fún ní máàkì. Bó bá tẹ́ ẹ lọ́rùn, á lẹ sítíkà àwọ̀ ewé mọ́ ike náà. Bó bá rí i pé máàkì tó yẹ owó náà ju èyí tí wọ́n fún un lọ, á lẹ ti àwọ̀ wúrà.

Àwọn kan ń sọ pé kò yẹ kí ẹni tó ń yẹ owó wò tún máa ra owó, torí pé CAC máa ń ra àwọn owó tí wọ́n lẹ sítíkà mọ́. Lójú tèmi, ibi tí agbára sítíkà náà wà gan-an nìyẹn. Ẹnikẹ́ni lè sọ pé owó yìí dáa. Ẹni tó bá sọ bẹ́ẹ̀ tó tún na owó sílẹ̀ láti rà á ni mo máa gbọ́. Kì í sì í ṣe ọ̀rọ̀ owó kékeré. Dọ́là 1794 tí wọ́n tà ní iye tó lé ní mílíọ̀nù 10 dọ́là ní 2013, sítíkà àwọ̀ ewé wà lára ike rẹ̀.

Ohun tí n kò fara mọ́ ni bí àwa akówójọ ṣe ń ka àìsí sítíkà. Albanese fúnra rẹ̀ máa ń pín owó tó gba máàkì kan náà sí A, B àti C. A àti B ló ń gba sítíkà. Owó C kò gba irọ́ máàkì, MS65 ni, ó kàn wà ní ìsàlẹ̀ àwọn MS65 ni. Àìmọye owó mìíràn sì wà tí ẹnikẹ́ni ò fi ránṣẹ́ rí. Síbẹ̀, lọ́jà, wọ́n ń kó gbogbo wọn pọ̀ bíi pé wọ́n fìdí rẹmi nínú ìdánwò. Olùtà á ní "kò mà ní sítíkà o," olùrà á sì ti mọ̀ pé òun lè já iye rẹ̀ wálẹ̀. Wọn ò tilẹ̀ ní yí ike náà síwájú iná kí wọ́n wo ohun tó wà nínú rẹ̀.

Láti 2023, CAC náà ti ń fún owó ní máàkì tí wọ́n sì ń sé e mọ́ ike tiwọn. Mo rẹ́rìn-ín nígbà tí mo gbọ́ ọ. Ẹni tó ń yẹ iṣẹ́ olùyẹ̀wò wò ti di olùyẹ̀wò fúnra rẹ̀, ta ni yóò wá yẹ òun náà wò báyìí?

Bẹ́ẹ̀ ayédèrú ike pàápàá wà níta, tí wọ́n kọ nọ́mbà tí ilé-iṣẹ́ àyẹ̀wò fún owó gidi kan sí lára. Bí ẹ bá tẹ nọ́mbà náà sí orí íntánẹ́ẹ̀tì, yóò jáde wọ́ọ́rọ́wọ́, torí pé nọ́mbà náà kì í ṣe irọ́. Àfi kéèyàn gbé fọ́tò tó bá jáde sí ẹ̀gbẹ́ owó tó wà lọ́wọ́ rẹ̀, kó wo àpá kọ̀ọ̀kan. Ojú lalákàn fi ń ṣọ́rí.

Ìbínú yẹn ló jẹ́ kí n gbé dọ́là mi síwájú iná lálẹ́ àná, pẹ̀lú gíláàsì tó ń sọ nǹkan di ńlá, mo ń wá ẹ̀rí tí mo máa fi bá wọn jà. Àpá tẹ́ẹ́rẹ́ kan wà ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ obìnrin inú rẹ̀, láti abẹ́ ojú dé ìtòsí ẹnu. N kò rí i rí.